Ta Ni Yóò Dáhùn Fún Ewé Tí A Gbé Wọlé?

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé Sólómọ́nì ọba rán ọ̀lẹ lọ sí ọ̀dọ̀ èèrà, kí ó lọ kọ́ aápọn níbẹ̀. A ti gbọ́ ìwàásù lórí ọ̀rọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ọmọ Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi kan tí kò lè bá oníwàásù parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èèrà kan wà tí Sólómọ́nì kò rí, nítorí kò sí ní ilẹ̀ Kénáánì, kò sì sí ní ilẹ̀ wa níhìn-ín pẹ̀lú. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ń gbé, láti ìhà gúúsù ìlú àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà títí lọ dé Ajẹntínà, ó sì pọ̀ ní Bràsílì, níbi tí wọ́n ti ń pe irú rẹ̀ kan ní saúva. Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ lónìí kì í ṣe ti aápọn. Ó jẹ mọ́ ìbéèrè kan tí ó ti ń dààmú ọkàn wa láti ìgbà díẹ̀ wá, àwa tí a fi ẹ̀kọ́ àwọn ẹlòmíràn lé lọ́wọ́. Bí a bá gbé ohun kan wọ ilé, tí ohun náà kò pa àwa tí a gbé e lára, ṣùgbọ́n tí ó pa ẹni tí a gbé e wá fún lára, ta ni yóò dáhùn fún un?

Èèrà agéwé ni a ó máa pè é, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó ń fi ẹnu gé ewé wẹ́wẹ́, ó ń gbé e sókè bí ẹni tí ó ṣí agboòrùn, gbogbo wọn a sì tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ padà sí ihò wọn nínú ilẹ̀. Igi ọsàn tí ó tutù yọ̀yọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ lè wà ní ìhòòhò kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní ìgbà àtijọ́ àwọn ènìyàn rò pé ewé náà gan-an ni wọ́n ń jẹ. Ọkùnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Thomas Belt, ẹni tí iṣẹ́ ìwakùsà wúrà gbé dé Nikarágúà, ni ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1874 pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ajílẹ̀ ni ewé náà, olú ni wọ́n fi ń gbìn. Ní ọdún 1893 ará Jámánì kan, Alfred Möller, tí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní Bràsílì, fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀.

Nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, àwọn èèrà kéékèèké a gba ewé lọ́wọ́ àwọn tí ó gbé e wá, wọn a lá a mọ́, wọn a rún un títí yóò fi rọ̀, wọn a yàgbẹ́ díẹ̀ sí i, wọn a sì já díẹ̀ nínú olú àtijọ́ lé e lórí. Olú yìí kò rí bí èyí tí a mọ̀ lọ́jà. Ó funfun, ó rí bí òwú, bí irú èyí tí ń hù lára búrẹ́dì tí ó ti bu. Lára òwú náà ni àwọn kókó wẹ́wẹ́ ti ń yọ, kókó wọ̀nyí sì ni oúnjẹ. Ìgbẹ́ tí wọ́n ń yà sí ewé náà kì í ṣe ohun ìtìjú, nítorí àwọn amòye ti rí i pé nínú rẹ̀ ni èròjà kan wà tí ó ti ara olú wá, tí ó la inú èèrà kọjá láìbàjẹ́, tí ó sì ń ṣí ọ̀nà fún olú láti wọ inú ewé tútù. Nígbà tí ọmọbìnrin kan nínú wọn bá fò jáde láti lọ tẹ ilé tuntun dó, ó ń gbé díẹ̀ nínú olú ilé ìyá rẹ̀ lọ nínú àpò kékeré tí ó wà ní ẹnu rẹ̀, bí àgbẹ̀ tí ń gbé èbù iṣu lọ sí oko titun.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìtàn ọ̀nà jíjìn pátápátá ni èyí. Ikán tiwa tí ń mọ òkìtì ọ̀gán pẹ̀lú ń gbin olú tirẹ̀ nínú ilẹ̀, àti pé púpọ̀ nínú olú tí àwọn ìyá wa ń já lẹ́bàá ọ̀gán ní ìgbà òjò, láti inú ọgbà ikán ni ó ti hù jáde. Àwọn amòye ṣírò pé ó ju mílíọ̀nù 50 ọdún lọ tí àwọn ìran èèrà wọ̀nyí ti ń gbin olú. (A mọ̀ pé iye yìí yóò mú kí àwọn kan nínú àwọn òǹkàwé wa gbójú sókè wò wá. Kì í ṣe ìjà tí a fẹ́ jà lónìí nìyẹn.)

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí ó gbà wá lọ́kàn ju gbogbo ìyókù lọ. Àgbà èèrà tí ń gbé ewé wá kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ nínú olú náà. Bí ó ti ń gé ewé ni ó ń mu oje rẹ̀, oje yìí ni ó sì ń gbé e ró. Ní ọdún 1979 àwọn onímọ̀ méjì ṣírò rẹ̀ pé bí a bá pín agbára tí àgbà èèrà ń lò sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 5 péré ni ó ń ti ara olú wá. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n ṣì jẹ́ ìdin, kò ní oúnjẹ mìíràn; olú nìkan ni. Ẹni tí ń gbé ewé wọlé ń fi ẹnu ara rẹ̀ tọ́ oje ewé wò, oje náà dùn, ó sì gbé e lọ. Olú ni yóò jẹ ewé náà gan-an, ọmọ ni yóò jẹ olú. Nítorí náà ahọ́n ẹni tí ó gbé e kò lè jẹ́rìí tí ó pé lórí ohun tí ewé náà yóò ṣe nínú ilé.

Ewé sì wà tí ó burú fún olú. Igi ńlá kan wà ní ilẹ̀ náà tí wọ́n ń pè ní jatobá ní Bràsílì, tí àwọn èèrà kì í fẹ́ fọwọ́ kàn. Ní ọdún 1983 àwọn onímọ̀ mẹ́ta tẹ ìwé jáde láti fi hàn pé inú ewé igi yìí ni oró kan wà tí ń pa olú. Orúkọ àwọn méjì àkọ́kọ́ ni Hubbell àti Wiemer. Ẹni kẹta ń jẹ́ Adejare, orúkọ tí kò sí òǹkàwé wa kan tí yóò béèrè ìlú tí ó ti wá. Inú wa dùn nígbà tí a rí i níbẹ̀, a kò sì ní tọrọ àforíjì fún ìdùnnú náà.

Ṣùgbọ́n báwo ni èèrà ṣe ń mọ̀, nígbà tí oró náà kì í ṣe oró fún òun fúnra rẹ̀? Àwọn onímọ̀ dán èyí wò. Wọ́n mú ewé tí àwọn èèrà fẹ́ràn, wọ́n fi oògùn apa-olú kan sí i, irú èyí tí èèrà kò lè tọ́ wò kí ó sì mọ̀. Ní ọjọ́ kìíní àwọn èèrà gbé e pẹ̀lú ayọ̀ bí wọ́n ti ń gbé ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, bí olú ti bẹ̀rẹ̀ sí jìyà, àwọn tí ń gbé ewé wá dáwọ́ dúró. Wọ́n kọ ewé náà, kódà nígbà tí a fi èyí tí kò ní oògùn lára rárá síwájú wọn, wọ́n sì kọ̀ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àwọn tí ń tọ́jú ọgbà, àti àwọn tí ń kó pàǹtírí dànù, ń kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà ní ẹnu iṣẹ́ tiwọn. A rò pé ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ ka ìpínrọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ìmọ̀ pé ewé burú kò ti ẹnu agbéwé wá. Láti inú ọgbà ni ó ti wá bá a.

Nísinsìnyí a ó sọ ọ̀ràn ti ara wa. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, nínú kíláàsì àwọn tí ń múra fún ìgbọ́wọ́lénilórí, ọmọkùnrin kan, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún, bi wá léèrè lórí ìtàn Jóòbù. Ó ní nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, tí Ọlọ́run fi àwọn ọmọ mìíràn fún Jóòbù, ǹjẹ́ àwọn ọmọ ìkẹyìn wọ̀nyí lè dípò àwọn ti ìṣáájú tí ilé wó lù? Ìdáhùn tí a fi fún un ni èyí tí àwa pẹ̀lú gbà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, pé kò yẹ kí amọ̀ máa bi amọ̀kòkò léèrè. A sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, a sì ṣí ojú ìwé tí ó kàn. Ìdáhùn náà kò pa wá lára rí. Òun ni ó gbé wa la ikú baba wa kọjá. Ó tó oṣù mẹ́rin kí a tó fi ọkàn sí i pé ọmọ náà kò wá mọ́, ó sì tún tó ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn èyí kí ẹnìkan tó sọ fún wa pé ọdún náà gan-an ni àbúrò rẹ̀ obìnrin kú.

Ǹjẹ́ a jẹ̀bi? Ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ tí a sọ fún ni ó ní rárá. Wọ́n ní a kò mọ̀, ohun tí a sọ sì jẹ́ òtítọ́, pé ẹ̀kọ́ tí ó yè kooro ni. A gbà pé òtítọ́ ni. Ewé tí àwọn onímọ̀ fi oògùn sí pẹ̀lú jẹ́ ewé tòótọ́, èèrà tí ó sì gbé e ní ọjọ́ kìíní kò ṣẹ̀. Ohun tí ń dùn wá kì í ṣe ọjọ́ kìíní. Oṣù mẹ́rin ni. Èèrà tí kò ní ju ọpọlọ tí ó kéré sí orí abẹ́rẹ́ lọ gbọ́ láti inú ọgbà rẹ̀ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Àwa tí a ní ìwé orúkọ, tí a ń pè é ní ọjọọjọ́ Ìsinmi, tí a ń fi yẹ́ńsù sàmì sí i níwájú orúkọ ọmọ náà pé kò wá, kò gbọ́. Ní ojú tiwa, àìmọ̀ lè gba ẹni tí ó gbé ewé wá là, ṣùgbọ́n kò lè gba ẹni tí kò sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ọgbà là.

Àwọn kan yóò wí pé Olúwa wa ti pa ẹnu ọ̀rọ̀ yìí dé, nígbà tí Ó kọ́ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Rẹ̀ nínú Ìhìnrere Máàkù, orí keje, pé àìmọ́ ènìyàn kì í ti òde wọ inú rẹ̀ bí kò ṣe pé láti inú ọkàn rẹ̀ ni ó ti ń jáde. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ní, kí ni ẹ̀rù oúnjẹ? Olùkọ́ ọ̀dọ́ kan fi ọ̀rọ̀ yìí dá wa lóhùn, ó sì dá a dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí Olúwa ń bá wí. Àwọn Farisí ń bẹ̀rù fún ara wọn. Ọwọ́ àìwẹ̀ ni wọ́n ń sọ, àti bóyá àwọn fúnra wọn yóò di aláìmọ́. Sí ẹni tí ń bẹ̀rù báyìí ni Ó ti sọ pé kí ó wo ọkàn ara rẹ̀. Kò sọ fún ẹni tí a fi ọmọ kékeré lé lọ́wọ́ pé kò sí ohun tí ó kàn án nínú oúnjẹ ọmọ náà. Kàkà bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí Ó sọ nípa ẹni tí ó mú àwọn kékeré kọsẹ̀, àti ọlọ wúwo ọrùn rẹ̀, wà nínú Ìhìnrere kan náà, orí méjì péré lẹ́yìn rẹ̀.

Páálù mímọ́ rí ọ̀ràn yìí ní Kọ́ríńtì. Àwọn tí ó ní ìmọ̀ níbẹ̀ ń jẹ ẹran ojúbọ òrìṣà láìbẹ̀rù, nítorí wọ́n mọ̀ pé òrìṣà kò jẹ́ nǹkan kan. Páálù kò bá wọn jiyàn lórí ìmọ̀ náà, ó gbà á. Ó kàn ní kí wọ́n wo ẹni tí ó jókòó tì wọ́n, ẹni tí ẹran kan náà yóò pa ọkàn rẹ̀. Àwọn ará Kọ́ríńtì ń tọ́ ọ wò pẹ̀lú ahọ́n tiwọn, wọ́n sì rí i pé ó dùn.

Síbẹ̀, bí a bá dá ọ̀rọ̀ wa dúró síhìn-ín, a ó ṣi ọ̀pọ̀ olùkọ́ lọ́nà, nítorí wọn yóò wí pé ó dára, láti òní lọ a kì yóò gbé ohun kíkorò kankan wọlé mọ́. A mọ irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ a jáde níbẹ̀ pẹ̀lú orin dídùn lẹ́nu, ìbéèrè kan ṣoṣo ní ẹnu ọ̀nà ọjà a sì gbé e ṣubú.

Èèrà agéwé àti olú nìkan kọ́ ni ó ń gbé inú ilé náà. Ẹgbẹ́ mìíràn wà níbẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí, àwọn kòkòrò àìfojúrí, ọ̀kẹ́ àìmọye. Ó pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń rí ohun funfun bí ẹfun lára àwọn èèrà kan, wọ́n sì rò pé ìda ni. Ní ọdún 1999 ni Cameron Currie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé kòkòrò àìfojúrí ni, wọ́n sì ń ṣe oògùn tí ń dá olú búburú kan dúró, olú búburú tí ń jẹ olú inú ọgbà run. Ní ọdún 2009 a tún rí àwọn mìíràn nínú ọgbà náà tí ń gba náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di èyí tí ara lè lò, nítorí ewé kò ní tó. Ilé tí a rò pé ẹni méjì ni ó ń gbé e ró, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń bẹ lábẹ́ òrùlé rẹ̀.

Oúnjẹ tí ń wọlé ni ó ń sọ irú àwọn tí yóò wà níbẹ̀. Àwọn èèrà agéwé kan ń gé ewé igi àti ewé gbòòrò lóríṣiríṣi. Àwọn kan, ní pápá Bràsílì, koríko ni wọ́n yàn láàyò. Ní ọdún 2020 àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí wọn jáde lórí ọgbà 12 láti ilé irú èèrà mẹ́rin, láti fi ọgbà àwọn agékoríko wé ti àwọn agéwé-igi. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n bá níbẹ̀ kò dọ́gba. Nínú ọgbà àwọn agékoríko, oríṣi wọn kéré. Nínú ọgbà àwọn agéwé-igi, oríṣi wọn pọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn pẹ̀lú yàtọ̀. Ti inú koríko ní agbára púpọ̀ láti ṣe àwọn èròjà tí a fi ń mọ ẹran ara. Ti inú ewé igi ní ọ̀nà púpọ̀ láti gba nǹkan sínú ara wọn àti láti tì í jáde. Ìwádìí mìíràn ní ọdún kan náà fi hàn pé nínú àwọn kòkòrò inú ọgbà wọ̀nyí, a rí àwọn tí ó lè tú oró ewé ká. Ewé igi ń gbé oró rẹ̀ wọlé; àwọn tí ó lè bá oró náà jà ń bẹ nínú ilé pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, kì í ṣe ohun àjèjì ni a ń sọ fún yín. Ẹ kì í da ewúro nù nítorí pé ó korò. Ẹ ń fọ̀ ọ́ títí ìkorò rẹ̀ yóò fi mọ níwọ̀n. Ẹ̀gẹ́ nìyẹn, tí ó ti ilẹ̀ kan náà pẹ̀lú àwọn èèrà wọ̀nyí wá sí ọ̀dọ̀ wa. Bí a bá jẹ irú kan nínú rẹ̀ ní tútù yóò pa ènìyàn. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àwọn kòkòrò àìfojúrí sọ ọ́ di rírọ̀, oró rẹ̀ sì ń bá omi lọ, ọmọ yín jẹ fùfú, ó sì sùn. Kò sí ẹni tí ó fi ẹ̀gẹ́ tútù lé ọmọ lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tí ó ní kí a má gbin ẹ̀gẹ́ mọ́.

Nítorí èyí, a kò lè fi ara mọ́ àwọn tí ó ní kí a yọ ìwé Jóòbù kúrò nínú ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́, tàbí kí a má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí àwọn aláìgbàgbọ́ ń sọ. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra níhìn-ín pẹ̀lú, kí a má fi ojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn agékoríko. Ilé wọn kò wó. Wọ́n pọ̀, wọ́n sì lágbára, ohun tí wọ́n ní nínú bá ohun tí wọ́n ń jẹ mu. A ti rí ìyá arúgbó tí kò ka ìwé kankan ju Bíbélì àti Ìwé Orin lọ, tí ó dúró níbi tí àwọn tí ó ti lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kò lè dúró. Ewu wà fún ẹni tí a fi koríko nìkan tọ́, tí a wá gbé ewé jatobá kalẹ̀ níwájú rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn sí ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí ń ti abúlé lọ sí Yunifásítì, a sì máa ń dá ọmọ náà lẹ́bi, a kì í béèrè pé ta ni ó pèsè ilé inú rẹ̀ sílẹ̀.

Níbì kan ni èèrà kò ti lè bá wa lọ mọ́. Olú kò lè sọ̀rọ̀. Títí di ọjọ́ tí yóò fi kú, kò lè ju pé kí ó rẹ̀ lọ, kí òórùn rẹ̀ yí padà, kí àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ fi mọ̀. Ọmọkùnrin tiwa sọ̀rọ̀. Kò dúró kí ó rẹ̀. Ó na ọwọ́ sókè nínú kíláàsì, ó sì bi wá ní ìbéèrè tí ó korò tí ó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe àwa ni a gbé e wọlé. Ikú ni ó gbé e wọlé fún un. Ohun tí ó ń wá lọ́dọ̀ wa ni ẹni tí yóò bá a rẹ ẹ́ sínú omi.

Nínú oṣù tí ó kọjá a pàdé rẹ̀ ní ọ̀nà odò. Ó ti ga jù wá lọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí wa, a sì dúró tì í pẹ́ díẹ̀ kí a tó rí ọ̀rọ̀ sọ. A bi í léèrè orúkọ àbúrò rẹ̀, ó sọ ọ́ fún wa. A ní kí ó wá sí ilé wa ní ọjọ́rú lẹ́yìn àdúrà ìrọ̀lẹ́, bí ó bá fẹ́, kí ó sì mú Bíbélì rẹ̀ wá. Kò ṣe ìlérí. Ṣùgbọ́n ó wá, a tan fìtílà, a bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní, a sì ka á dé ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta náà ti jókòó sí ilẹ̀ pẹ̀lú Jóòbù fún ọjọ́ méje láìsọ ohunkóhun.